Ṣé kí n lẹ máábù funfun sí balùwẹ̀ tí omi rẹ̀ ní irin nínú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé tí à ń kọ́ ní Ìbàdàn ti dé orí táìlì lílẹ̀, balùwẹ̀ màmá mi ló kù tí mi ò tíì yanjú. Máábù funfun ni wọ́n fẹ́, èmi náà sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Omi bọ́ọ̀hò wa ló ń bà mí lẹ́rù. Tó bá sùn sínú báàkẹ́ẹ̀tì, yóò ti pọ́n bí irin tó dógùn-ún.

Òkúta tó ń fa omi ni máábù. Ásíìdì ò sì bá a rẹ́ rárá: ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà àti ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n fi ń fọ àbàwọ́n irin máa ń jẹ ojú rẹ̀, dídán rẹ̀ á sì lọ. Kí ni mo wá fẹ́ fi fọ̀ ọ́?

Mo ti pinnu pé èyí tí kò dán la ó lò sílẹ̀, kí màmá má baà yọ̀ ṣubú. Ọṣẹ tí kò ní ásíìdì la ó máa lò, a ó sì máa nù ún gbẹ. Mo dábàá táìlì aláwòrán máábù, màmá kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lẹ̀ ẹ́ ní síílà (ohun tí wọ́n ń fi pa ojú òkúta kí omi má baà tètè wọ inú rẹ̀) tó. Ẹni tó ń tà á ní kò tilẹ̀ nílò rẹ̀.

Ìbéèrè mi nìyí: pẹ̀lú irú omi yìí, ṣé síílà nìkan tó, àbí dandan ni kí n kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tó ń yọ irin kúrò nínú omi?

Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ṣáájú.