Bí ọ̀pẹ ṣe ń mọ òfin ṣẹ́ẹ̀sì nídìí ayò gan-an

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì, kò sì ka òfin kankan sí mi létí ká tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun mẹ́jọ mẹ́jọ ló tò fún kálukú wa, ó kó ọba, ayaba àti gbogbo ìyókù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹni tí ọmọ ogun rẹ̀ bá kọ́kọ́ dé ìlà tó gbẹ̀yìn lọ́hùn-ún ló jẹ. Mo ní báwo ló ṣe ń rìn? Ó ní ojú kan ló ń sún síwájú, àfi níbi tó ti gbéra tó ti lè fo méjì; kì í padà sẹ́yìn; ohun tó bá wà ní igun iwájú rẹ̀, lọ́tùn-ún tàbí lósì, ló ń pa. Ó tán. A bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo ti bá òfin kan pàdé tí ọ̀pọ̀ ọ̀pẹ máa ń pè ní ìrẹ́jẹ. Ọmọ ogun rẹ̀ kan ti rìn wọ ojú tí wọ́n ń pè ní e5 (lẹ́tà ni orúkọ òpó tó nàró lórí pátákó, nọ́ńbà ni ti ìlà tó dùbúlẹ̀). Mo fo tèmi láti d7 sí d5, kó lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ló bá yọ tèmi kúrò, ó gbé tirẹ̀ sí d6 tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo pariwo. Ó rọra dá gbogbo rẹ̀ padà, ó ní: “Ká ní ojú kan lo rìn, ṣé mi ò ní pa ọ́ ní d6 ni? Torí kí eré lè yá ni wọ́n ṣe ní kó máa fo méjì, kì í ṣe kó lè fi sá fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà. Àmọ́ lójú ẹsẹ̀ ni mo gbọ́dọ̀ pa á. Tí mo bá ti rin nǹkan míì, ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.” Ó ti wọ̀ mí lára láti ọjọ́ náà.

Irú ìkọ́ni báyìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí. José Raúl Capablanca ará Cuba, tó gba adé àgbáyé ní 1921, sọ pé ọmọ ọdún 4 lòun nígbà tóun mọ̀ ọ́n, níbi tóun ti ń wo bàbá òun tó ń ta á.

Orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ó dáa, àmọ́ ohun kan ń dùn mí níbẹ̀. Tí ìrìn rẹ kò bá bófin mu, fóònù á kàn kọ̀ ni, wàá sì máa sún èyí sún tọ̀hún títí yóò fi gbà. Lórí pátákó, ọwọ́ rẹ á rìn ín ná, ẹni tó jókòó síwájú rẹ á wá bi ọ́ pé, “Ọba rẹ ńkọ́? Ṣé o ò rí bíṣọ́ọ̀bù mi tó ń wò ó ni?” Ìbéèrè yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́. Nínú ìdíje FIDE, àjọ tó ń bójú tó ṣẹ́ẹ̀sì lágbàáyé, tí àsìkò rẹ̀ gùn, ìrìn àìtọ́ àkọ́kọ́ á fi ìṣẹ́jú 2 kún àkókò alátakò, ẹlẹ́ẹ̀kejì sì sábà máa ń gba ayò lọ́wọ́ ẹni tó rìn ín. Ó yẹ kí ojú èèyàn ti là sí i nílé.

Nígbà tó kàn mí láti kọ́ àbúrò mi obìnrin, ọ̀nà kan náà ni mo gbà. Ọmọ ogun la fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ọba, lẹ́yìn náà ẹṣin. Ọjọ́ tí ayaba dé ló dùn jù. Ó ti kó mi láyò tán, ó ku ọba mi nìkan ní a8, ló bá gbé ayaba rẹ̀ sí b6, ó dìde, ó ní, “Mo ti pa yín!”

Mo ní, “Ta ló ń lé ọba mi?”

Ó fi ìka tọ ojú ọ̀nà ayaba náà: b8, b7, a7, gbogbo rẹ̀ ló dí pa. Kò dé a8. Ọba mi ò ríbi rìn, kò sì sẹ́ni tó ń lé e. Mo ní ọ̀mì nìyẹn. Inú bí i gidi, ó ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ò ní nǹkan kan mọ́?”

Mi ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tò ó padà, mo ní kó fi ayaba sí d7, kó jẹ́ kí n máa lọ kí n máa bọ̀ láàárín a8 àti b8, kó wá máa mú ọba tirẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọba rẹ̀ dé b6. Ó wo pátákó títí, ó rí i fúnra rẹ̀ pé tí ayaba bá bọ́ sí b7, mi ò lè pa á torí ọba wà lẹ́yìn rẹ̀, mi ò sì ríbi sá sí. Kò dìde lọ́tẹ̀ yìí. Ó kọ́kọ́ ka gbogbo ojú tó yí ọba mi ká, ó tó wá gbé e.

Ọba àti ilé ìṣọ́ (rook) kan sí ọba lásán la wà lórí rẹ̀ báyìí. Ó bi mí bóyá mo lè máa sá kiri títí láé. Mo ní rárá o: tí kálukú wa bá ti rìn nígbà 50 láìpa nǹkan kan, tí ọmọ ogun kankan ò sì sún, mo lè ní kó di ọ̀mì. Láti ìgbà náà ló ti ń ka ìrìn wa sókè ketekete.