Èsì: "ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì" àbí kẹ̀kẹ́ ológeere?

Ẹ kú ìjíròrò o. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ ìtàn bàsíkùlù ní Yorùbá ní ká pa "kẹ̀kẹ́" tì. Wọ́n ní bí èèyàn bá dúró sí Òṣòdì tó pe kẹ̀kẹ́, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló máa wá dúró níwájú rẹ̀. Wọ́n wá dábàá "ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì", wọ́n sì béèrè orúkọ fún àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Àmọ́ mi ò fara mọ́ àbá yẹn.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe orúkọ ohun kan ṣoṣo láti ilẹ̀. Nínú Bíbélì Mímọ́, kẹ̀kẹ́ iná ló la àárín Èlíjà àti Èlíṣà, kò sì sẹ́ni tó rò pé bàsíkùlù ni. Àwọn Haúsá ń lo keke fún bàsíkùlù àti fún ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ ló ń yà á sọ́tọ̀: kẹ̀kẹ́ ẹṣin, kẹ̀kẹ́ Márúwá, kẹ̀kẹ́ ológeere. "Ẹlẹ́sẹ̀ méjì" ò tiẹ̀ ya nǹkan kan sọ́tọ̀, torí ẹsẹ̀ méjì náà ni alùpùpù ní.

Ẹ sì wo bí alùpùpù àti ológeere ṣe bára mu. Ìró ẹ́ńjìnnì ni wọ́n gbọ́ tí wọ́n fi sọ ọ̀kan lórúkọ. Bí èkejì ṣe ń lọ geere láìpariwo ni wọ́n wò. Ẹni tó dá àwọn orúkọ yẹn sílẹ̀, etí títì ló wà, kò sí nídìí ìwé atúmọ̀ èdè. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Poland: rower ni wọ́n ń pe bàsíkùlù níbẹ̀, láti ara Rover, kẹ̀kẹ́ tí John Kemp Starley gbé jáde ní Coventry lọ́dún 1885. Orúkọ ọjà di orúkọ gbogbo kẹ̀kẹ́, bí Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú, ṣe fún wa ní ọ̀kadà. Àwọn ará Jámánì ní tiwọn mọ̀ọ́mọ̀ fi Fahrrad lé ọ̀rọ̀ àjèjì jáde, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ Jámánì ní Switzerland ò dá wọn lóhùn, Velo ni wọ́n ṣì ń sọ.

Ibi tí mo gbà pé a nílò orúkọ tuntun ni ti àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́. Lọ́dún 1817, Karl von Drais gun èyí tí kò ní pẹ́dà ní Mannheim ní Jámánì. Ó jókòó lé e, ó sì ń fẹsẹ̀ ti ilẹ̀ bí ẹni ń sáré. Mo dábàá "kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀tì". Ní Paris láàárín ọdún 1860 sí 1869, wọ́n so pẹ́dà mọ́ ẹsẹ̀ iwájú, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n fi irin yí ká ni ẹsẹ̀ náà, ojú ọ̀nà sì kún fún òkúta. Orúkọ ẹ̀fẹ̀ táwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ò ṣòro fún wa rárá: "kẹ̀kẹ́ agbọneegun". Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ṣéènì, bí ẹsẹ̀ iwájú bá ṣe tóbi tó ni pẹ́dà kan máa gbéni jìnnà tó. Wọ́n wá ń fẹ̀ ẹ́ sí i títí ó fi ga dé àyà èèyàn. "Kẹ̀kẹ́ gogoro" ni kí ẹ pè é. Bó bá kọ òkúta báyìí, orí lẹni tó gùn ún máa fi sọlẹ̀.

Ìdí nìyẹn táwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pe irú Rover, tí ṣéènì rẹ̀ ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ní orúkọ tó jẹ mọ́ ààbò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ "kẹ̀kẹ́ aláàbò" tí ẹ fi túmọ̀ rẹ̀ kúrò. Ó dà bíi pé ọlọ́pàá ló wà lórí ẹ̀. Ológeere nìyẹn. Táyà afẹ́fẹ́ tí John Boyd Dunlop ṣe ní Belfast lọ́dún 1888 ló sì jẹ́ kó máa lọ geere lóòótọ́. Ẹ má fi apá tó burú sílẹ̀ o: rọ́bà táyà wà lára ohun tí Ọba Leopold Kejì ti Belgium fi sọ àwọn ará Kóńgò di ẹrú nínú igbó wọn, tí wọ́n ń gé ọwọ́ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ńkọ́? "Gun kẹ̀kẹ́" ló dùn létí mi ju "wa" lọ. Ṣebí gígùn là ń gun ẹṣin: ẹṣin irin ni àwọn Ewe ní Tógò ń pe kẹ̀kẹ́, gasɔ. Ígbò náà ní ẹṣin irin tiwọn.

Ní ti ṣòkòtò tí àwọn obìnrin Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wọ̀ gun kẹ̀kẹ́ láàárín ọdún 1890 sí 1899, tí àwọn kan fi ń bú wọn, "ṣòkòtò ìgun-kẹ̀kẹ́ obìnrin" ni ẹ̀yin pè é. Ó gùn jù. Ó fẹ̀ nítan, wọ́n sì dì í mọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ orúnkún. Ṣé kì í ṣe kẹ̀m̀bẹ̀ nìyẹn?

Èyí tí mi ò tíì rí ojútùú rẹ̀ ni alùpùpù oníbátìrì tó ti gbòde ní Kútọnu àti Lomé. Kò dún pù rárá. Ta ló ní àbá?