Làmídì kì í ṣe àṣìpè

Àbá kan wà nílẹ̀ pé nínú ìwé atúmọ̀-èdè, kí a máa pe gbogbo orúkọ tí àwọn Mùsùlùmí ń jẹ́ ní "orúkọ Lárúbáwá", kí a sì kọ Làmídì, Lásísì àti Ràímì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣìpè. Mi ò fara mọ́ ọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ti àṣìpè ṣáájú. Láti ara Abdul-Hamid ni Làmídì ti wá: "ẹrú Ẹni tí ìyìn tọ́ sí". Abd ni ẹrú. Al- ni ọ̀rọ̀ kékeré tí èdè Lárúbáwá fi ń ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ; l rẹ̀ ló parí Abdul. Nígbà tí ahọ́n wa gé "Abdu" dànù, l inú al- kò bá a lọ. Ìró tó tẹ̀ lé e, h kan tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun wá, kò sí lédè wa. Òun ló pòórá, l sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fáwẹ̀lì, ó dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Abdul-Aziz ṣe di Lásísì, nítorí ìró ọ̀fun mìíràn ló bẹ̀rẹ̀ Aziz. Ẹ wá wo Ganíyù àti Kàdírì, láti ara Abdul-Ghani àti Abdul-Qadir. Kọ́ńsónáǹtì tí ẹnu wa lè gbé ló tẹ̀ lé l níbẹ̀, Yorùbá kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì méjì léra wọn, ni l bá bọ́ sọnù. Ràímì ńkọ́? Lẹ́nu àwọn Lárúbáwá fúnra wọn, l yìí máa ń di r bí r bá tẹ̀ lé e: Abdur-Rahim ni wọ́n ń pè. Kò sí l tí a fẹ́ jogún. Ohun tó ń tẹ̀ lé òfin báyìí, a ò gbọdọ̀ pè é ní àṣìpè.

Mo mọ̀ pé ọkàn àwọn àáfà kan kì í balẹ̀ tí Abd bá ti kúrò, torí orúkọ Ọlọ́run ló kù lórí ọmọ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Kí ìwé wa kọ odidi orúkọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ gígé rẹ̀.

"Orúkọ Lárúbáwá" ló dùn mí jù. Ibrahim, Musa àti Maryam ti wà lẹ́nu àwọn Hébérù tipẹ́ kí Àlùkùránì tó sọ̀ kalẹ̀. Shirin, "adùn", ti Páṣíà ni. Arslan, "kìnnìún", ti Tọ́kì ni. Mùsùlùmí ni Sukarno tó di ààrẹ àkọ́kọ́ ní Indonesia lọ́dún 1945, láti ara Karna, akọni kan nínú ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ànábì Muhammad pàápàá, orúkọ tí ìtumọ̀ rẹ̀ burú ló sábà máa ń yí padà: ó sọ obìnrin kan tó ń jẹ́ Asiya, "aláìgbọràn", di Jamila, "arẹwà". Kò fọwọ́ kan Jafar, tó jẹ́ "odò kékeré", tàbí Talha, tó jẹ́ orúkọ igi ẹlẹ́gùn-ún kan.

Èyí ló mú mi dé orí ọ̀rọ̀ tuntun tí mo fẹ́ dá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kọ "ẹni ọ̀wọ̀" tàbí "olóòótọ́" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ Khadija. Kò sí èyí nínú gbòǹgbò rẹ̀: ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé ni gbòǹgbò náà ń sọ. Fatima náà, ti jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú ni. Ta ló ń gbèrò ìwọ̀nyí nígbà tó ń sọ ọmọ lórúkọ? Ìyàwó Ànábì àti ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́kàn wọn. Nítorí náà, mo dábàá kí a ní "ìtumọ̀ gbòǹgbò" àti "ìtumọ̀ àfirántí". Ẹnì kan ti mú "àwòkọ́ṣe" wá, ṣùgbọ́n ìwà nìkan ni ìyẹn ń tọ́ka sí. Àfirántí ń tọ́ka sí ẹni tí a fi orúkọ náà rántí gan-an. Báyìí ni mo ṣe fẹ́ kó rí nínú ìwé:

Àdìjátù (Khadija). Gbòǹgbò: ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Àfirántí: ìyàwó àkọ́kọ́ Ànábì, ẹni tó kọ́kọ́ gbà á gbọ́.