Nǹkan dúdú kan lẹ́yìn ẹyinjú: ẹ jẹ́ ká sọ ìrírí wa

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ojú mi yìí ti wà nínú mi. Àwọn ọmọ mi mọ̀, pásítọ̀ wa mọ̀, ó parí. Àmọ́ ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́ lónìí.

Glókọ́mà ló gba ojú ìyá mi l'Abẹ́òkúta. Níbí, ẹni tó bá ti pé ogójì ọdún tí òbí ẹ̀ ní glókọ́mà kì í sanwó àyẹ̀wò ojú, torí náà ọdọọdún ni mo máa ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe gíláàsì ládùúgbò wa. Lọ́dún 2021, ọmọbìnrin tó yẹ̀ mí wò ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹyinjú mi, ó wá dákẹ́. Ó tún un yà. Ó yí ẹ̀rọ sọ́dọ̀ mi kí n rí i fúnra mi. Ti ọ̀tún mọ́ rekete. Ti òsì ní nǹkan dúdú kan, bí ìgbà tí tàdáwà bá kán sórí aṣọ. Kò dùn mí rárá. Ojú mi ò pọ́n, kò ṣomi. Ohun kan ṣoṣo tí mo wá rántí ni pé nǹkan máa ń kọ mànà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú náà tí mo bá wà nínú òkùnkùn. Mo rò pé iṣẹ́ alẹ́ ló ń rẹ̀ mí ni.

Wọ́n fi mí ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ojú. Irú ibẹ̀ ò pọ̀: Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Sheffield, Liverpool àti Glasgow ni wọ́n wà. Wọ́n kán oògùn tó ń jẹ́ kí ọmọlójú fẹ̀ sí mi lójú, wọ́n fi ẹ̀rọ bí èyí tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún lé ìpéǹpéjú mi, wọ́n sì wọn ohun náà. Dókítà ò fi bọpobọyọ̀ sí i. Ó ní melanoma ni, irú jẹjẹrẹ kan. Ó ní àwọn aláwọ̀ funfun ló sábà máa ń ní in, pé èèyàn dúdú tó ní in ṣọ̀wọ́n gan-an. Gbólóhùn yẹn bà mí nínú jẹ́ ju orúkọ àìsàn náà lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ èmi? Ọmọ mi àgbà ló rán mi létí Bob Marley: melanoma tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló pa á lọ́dún 1981, dúdú sì lòun náà. Inú àwọn ohun tín-tìn-tín tó ń fún ara ní àwọ̀ ló ti máa ń yọ, wọ́n sì wà nínú ẹyinjú gbogbo wa. Ẹ̀gbọ́n mi kan pè láti ilé, wọ́n ní wọ́n ta mí lójú ni, kí n wálé wá wẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mi ò bá wọn jiyàn. Ọsibítù ni mo lọ.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbé ka iwájú mi: ká yọ ẹyinjú náà, tàbí ká rán àwo pẹlẹbẹ kan mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀, èyí tí rùtẹ́níọ́ọ̀mù wà lára ẹ̀ tí ìtànṣán ẹ̀ á máa pa jẹjẹrẹ náà. Mo bi wọ́n bóyá bí mo ṣe fẹ́ fi ojú mi sílẹ̀ yìí ò ní gé ẹ̀mí mi kúrú. Wọ́n ní wọ́n ti fi èèyàn 1,317 ṣèwádìí ẹ̀ l'Amẹ́ríkà, pé fún èyí tí kò tíì tóbi jù bíi tèmi, àwọn tí wọ́n yọ ojú wọn ò pẹ́ láyé ju àwọn tó gba ìtànṣán lọ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Wọ́n rán an mọ́ mi lójú lọ́jọ́ Ajé, wọ́n yọ ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá. Àwọn nọ́ọ̀sì á gbé oúnjẹ sílẹ̀, wọn á tètè jáde. Aboyún ò gbọdọ̀ wọlé, ọmọdé ò gbọdọ̀ wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àwọn ìbejì mi nígbà yẹn.

Ó ṣiṣẹ́. Nǹkan náà súnkì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọdún kejì, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, torí pé ìtànṣán ti ba àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín inú ẹ̀ jẹ́. Wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́ sínú ẹyinjú báyìí. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ẹ̀ lé yín sá. Wọ́n á kọ́kọ́ pa ojú ní oorun, èèyàn á mọ̀ pé wọ́n tẹ nǹkan mọ́ òun lójú ni.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ẹ̀dọ̀. Nínú bí ẹni méjì tó bá ní in, ó máa ń tàn dé ibòmíì lára ẹnìkan, ẹ̀dọ̀ ló sì sábà máa ń lọ, ó lè jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń ya àwòrán tèmi. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ ò ní gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́, màá kàn máa pariwo lé àwọn ọmọ lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Bàbá Tọ́lá, Manchester

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà mà. Tèmi ti tóbi kí wọ́n tó rí i, torí náà wọ́n yọ ojú òsì mi lọ́dún 2018. Ẹni tó ṣe ojú àtọwọ́dá fún mi fi ọwọ́ kùn ún ni, ó ń wo ti ọ̀tún, ó ń kùn ún. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe funfun jù. Mo ní, "Ọ̀gá, funfun ojú tiwa kì í funfun bíi ti yín, ó máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ díẹ̀." Ó wò mí dáadáa, ó tún un ṣe. Ìyàwó mi sọ pé òun fúnra òun máa ń gbàgbé èwo ni èwo.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà tẹ́lẹ̀. Òfin ibí ò gba kí olójú kan wa bọ́ọ̀sì, bí mo ṣe fi iṣẹ́ ọdún mọ́kànlá sílẹ̀ nìyẹn. Mọ́tò ara mi, mo ṣì ń wà á, wọn ò kọ ìyẹn. Bíbu omi tíì sínú kọ́ọ̀bù ló pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ̀gbẹ́ ni mò ń da omi náà sí. Mo wá máa ń fi ẹnu kẹ́tùrù kan etí kọ́ọ̀bù kí n tó dà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí tó mú kí n la ẹnu mi. Níbi òde ìgbéyàwó kan, àgbàlagbà kan dúró lápá òsì mi, wọ́n kí mi títí, mi ò mọ̀. Wọ́n lọ sọ pé ọmọ lágbájá ti di agbéraga. Bàbá tó gbé mi jó rí! Nígbà tí mo gbọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn, mo ní ojú ni, sà, kì í ṣe ìgbéraga. Wọ́n sunkún. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó lóde ni mo máa ń sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún ni kẹ́ ẹ wà." Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀, mi ò lè dá lọ. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé mi.

Ìyá Dára, Houston

Àbúrò mi obìnrin ni tèmi. Wọ́n tọ́jú ojú ẹ̀ lọ́dún 2017, irú àwo ìtànṣán yẹn ni wọ́n lò, àmọ́ àáyódìn ló wà lára tiẹ̀. Ojú sàn. Nígbà tó yá, ó pààrọ̀ iṣẹ́, inṣọ́ránsì ẹ̀ yí padà, ó sì fo àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó padà lọ lọ́dún 2022, ó ti wà nínú ẹ̀dọ̀, níbi mẹ́ta. Oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí tebentafusp, oògùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún irú èyí tó ti tàn. A ní Ọlọ́run ló ṣe é. Àfi ìgbà tí wọ́n ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ bá ní àmì kan, HLA-A*02:01, nìkan ló wà fún. Wọ́n yẹ tiẹ̀ wò, kò ní in. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú mọ́tò títí a fi délé.

Lẹ́yìn ọdún 2023, wọ́n ṣe òmíràn fún un: wọ́n dí ẹ̀dọ̀ mọ́ ara tó kù, wọ́n da oògùn melphalan sínú ẹ̀dọ̀ nìkan, wọ́n sì ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà bí ẹni sẹ́ ògì kó tó padà sára. Ó ń rẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó wà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí ẹ̀rù ṣe ń bà yín náà ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ má fò ó.

Ìyá Àyọ̀, Ìbàdàn

Ti ọmọ mi kì í ṣe melanoma, retinoblastoma ni, jẹjẹrẹ ojú tó máa ń ṣe ọmọdé. Nínú fọ́tò ìkómọ àbúrò ẹ̀ ni mo ti rí i: ojú ẹ̀ kan ń tàn funfun bí ojú ológbò. Wọ́n ní kí n máa kán omi ọyàn sí i. Mo kán an fún oṣù méjì, oṣù méjì yẹn ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní. Wọ́n yọ ojú náà, ó gba kẹ́mò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ó ti wà ní pámárì fáìfù báyìí. Ẹ̀yin ìyá, tí ẹ bá rí i tó ń tàn nínú fọ́tò, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé ọmọ lọ.

Ìyá Ìbejì, Lọ́ńdọ́ọ̀nù

Ìyá Àyọ̀, ẹ dáríji ara yín mà, ẹ ò mọ̀ ni. Ìyá Dára, mo ti gbọ́, mi ò ní fò ó. Bàbá Tọ́lá, lẹ́yìn tí mo ka tiyín, mo dìde nínú ìpàdé ẹgbẹ́ obìnrin wa lọ́jọ́ Àìkú, mo sọ gbogbo ẹ̀. Mo rò pé wọ́n á máa wò mí bákan. Ọjọ́rú ni àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ mi, àwọn méjì ti ní àwọn á bá mi lọ, ọ̀kan ní òun á gbé móínmóín dání.