Ẹ gbà mí o: ṣọ́ọ̀kì tuntun tí mo fi sí Ìjàpá mi (ọkọ̀ Volkswagen Beetle) ń dún kò-kò-kò

Délé Ìjọ̀kà:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi pátápátá. Ìjàpá bàbá mi ni mo ń tún ṣe nílùú Àkúrẹ́ níbí. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára, kábúrétọ̀ kò ní wàhálà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní búlúù, ìjókòó rẹ̀ náà tuntun ni. Ṣọ́ọ̀kì ló kù, ni mo bá ra mẹ́rin nínú àwọn tí owó mi ká. Ẹni tó tà á búra pé ti Volkswagen ni, pé yóò wọlé wọ́ọ́rọ́. Lóòótọ́ ó wọlé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, iwájú ń dún kò-kò-kò, tí mo bá sì gun bọ́ǹpù, ó máa ń gbá gbì! Ẹ̀yìn kò ṣe nǹkan kan. Ọlọ́jà ní mẹkáníìkì ni kò mọṣẹ́. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni ọjà. Owó mi ti há sáàárín wọn. Ẹ jọ̀ọ́, irú ṣọ́ọ̀kì wo ni kí n tún rà tí kò ní sọ mí di onígbèsè?

Ẹ̀gbọ́n Akin Oǹdó:
Délé, ọdún wo ni ọkọ̀ náà jáde? O sọ ti ọ̀dà, o sọ ti ìjókòó, o kò sọ ọdún. Èyí tó ṣáájú ìran 1966, kínpíìnì, irin tí ẹsẹ̀ táyà ń yí lórí rẹ̀, ló wà níwájú rẹ̀; ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ ní ihò lókè, ó ní nísàlẹ̀. Láti ìran 1966, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì olórí róbótó ló gba ipò rẹ̀: ihò wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pá onítìrẹ́ẹ̀dì ló wà lókè, tó ń gba rọ́bà àti nọ́ọ̀tì. Àwọn Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303 tún yàtọ̀ pátápátá, sípíríǹgì ló yí tiwọn ká.

Mọ́mì Kẹ́mi:
Kó ra èyí tó ní gáàsì nínú, ti ilé-iṣẹ́ KYB tàbí irú rẹ̀. Olóìlì lásán kò lè dúró lójú ọ̀nà wa.

Súnkànmí Ọbá-Ilé:
Ẹ má bínú mà, mi ò gbà. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, iwájú rẹ̀ fúyẹ́. Ṣọ́ọ̀kì gáàsì tó le jù yóò máa ju iwájú sókè lójú kòtò. Olóìlì tó dára tó o. Délé, ṣé ẹ pọ́ǹpù wọn kí ẹ tó dè wọ́n? Bí ṣọ́ọ̀kì olóìlì bá ti pẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ nínú páálí, afẹ́fẹ́ máa ń bọ́ sí ibi tó yẹ kí ọ́ìlì wà. Ẹ nà án ró, ẹ fà á jáde tán, ẹ tì í wọlé tán, lẹ́ẹ̀mẹ́fà, títí yóò fi le bákan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá ṣì ń já gbọ́rọ́ láàárín, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà.

Délé Ìjọ̀kà:
1973 ni, oríṣi 1300, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Olóìlì ni mo rà. Mo ti pọ́ǹpù wọn, wọ́n le dáadáa. Mo ṣì gbà pé ọlọ́jà yẹn ló rẹ́ mi jẹ.

Ẹ̀gbọ́n Akin Oǹdó:
Má tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Kọ́kọ́ yọ táyà ìpààrọ̀ àti jáàkì kúrò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì iwájú, kí o wà á. Táyà tí wọn kò dì mọ́lẹ̀ máa ń dún gẹ́lẹ́ bí ṣọ́ọ̀kì tó bàjẹ́.

Bí ariwo bá ṣì wà, tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, sípánà 17. Wo irin tí ihò ṣọ́ọ̀kì wọ̀ sí. Bí ìpẹta bá ti jẹ ẹ́, búṣì tuntun tó wà nínú ihò náà yóò máa mì lórí rẹ̀, yóò sì máa dún. Bí búṣì bá lẹ̀ mọ́ ọn, fi ọ́ìlì rin ín mọ́jú, kí o máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Má fi òòlù lu orí tìrẹ́ẹ̀dì, bó bá fẹ̀, nọ́ọ̀tì kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Lókè, rọ́bà kan wà lábẹ́ irin tí orí ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀, ọ̀kan wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀kan, irin ni yóò máa na irin.

Èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe: ẹ má fún nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ lórí jáàkì. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí táyà gbé ẹrù rẹ̀ ná. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà inú búṣì yóò ti lọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, yóò sì tètè ya.

Mọ́mì Kẹ́mi:
Gbogbo ìyẹn dára, àmọ́ kò sọ ìdí tó fi ń gbá gbì. Délé, àlàfo wo ló wà láàárín táyà iwájú àti fẹ́ńdà?

Délé Ìjọ̀kà:
Kò sí àlàfo mà, táyà ti wọ inú fẹ́ńdà díẹ̀. Mo ní kí wẹ́dà rẹ iwájú sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá nítorí ẹwà. Ìyẹn kò kan ṣọ́ọ̀kì. Àbí kí n kàn gé ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì kúrú ni?

Súnkànmí Ọbá-Ilé:
Háà! Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ sọ nìyẹn!

Ẹ̀gbọ́n Akin Oǹdó:
Délé, má gé e o! Má sì jẹ́ kí wẹ́dà fi iná kan ṣọ́ọ̀kì. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, ó sì lè bú gbàmù sí ẹni tó ń jó o.

Ṣé wẹ́dà gé àárín páìpù méjì tó dábùú níwájú, tó yí i díẹ̀, tó tún jó o pọ̀? Àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà nínú páìpù yẹn ni sípíríǹgì ọkọ̀ rẹ. Bí o ti yí i, bí ọkọ̀ ti dúró báyìí, ṣọ́ọ̀kì ti wọlé ju ìdajì lọ kó tó kan bọ́ǹpù kankan. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù kò tó nǹkan. Ọjà tí o rà kò ní ẹ̀bi, ó gùn fún ọkọ̀ tí o rẹ̀ sílẹ̀ ni.

Mọ́mì Kẹ́mi:
Ṣọ́ọ̀kì kúkúrú wà tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀, kò pọn dandan kó tú bíìmù, ìyẹn páìpù méjì iwájú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Akin Oǹdó:
Ó wà mà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ẹni tó ń wá ọjà pọ́ọ́kú ló ń bi wá. Kò sì ní gbé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kúrò lórí bọ́ǹpù. Délé, wò ó fúnra rẹ: ká ìbòrí eruku sókè, so okùn tín-ínrín mọ́ ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì, kó jókòó sórí àgbá rẹ̀. Wà á gba bọ́ǹpù méjì mẹ́ta. Ibi tí okùn bá gùn dé ni ṣọ́ọ̀kì rìn dé.

Délé Ìjọ̀kà:
Mo ti ṣe é. Okùn náà gùn títí ó fi lẹ̀ mọ́ rọ́bà òkè, rọ́bà ọ̀hún sì ti fọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ má bínú sí mi, mo rò pé ẹwà lásán ni. Mo ti rí bíìmù tòkunbọ̀ kan tí wọn kò gé rí. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó?

Ẹ̀gbọ́n Akin Oǹdó:
Di apá kọ̀ọ̀kan mú, kí o mì í sókè sódò. Bó bá ń yẹ̀, bẹ́ríǹgì inú páìpù ti jẹ. Wo ìdí ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì ń wọ̀, bóyá ó ti sán. Rí i pé bọ́ọ̀tì kékeré tó di irin pẹlẹbẹ mú láàárín páìpù kò ì kú. Fún girísì sí nípù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹnu tí girísì ń gbà wọlé, nígbà tí iwájú bá wà lókè, títí tuntun yóò fi ti èyí tó ti gbó jáde. Ra rọ́bà òkè méjì. Bí o bá dè é tán, lọ ṣe aláínímẹ́ǹtì, kí wọ́n to táyà kó dúró gún, kí o tó gba ọ̀nà Ọ̀wọ̀. Ṣọ́ọ̀kì tí o ti rà yẹn náà ni kí o fi sí i.