Èsì sí “orin àtijọ́”: ọjọ́ orí kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjíròrò.

Láti ìgbà tí ọ̀kan nínú wa ti dábàá pé “orin àtijọ́” ni kí a máa pe orin kílásíkà (“classical music” lẹ́nu òyìnbó), irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn MUSON ní Oníkan l'Ékòó, mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ, mo sì panu mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé àwọn èèyàn ti ń gbóṣùbà fún un, tí ẹnìkan tún ní òun yóò fi sínú ìwé ìléwọ́ agbo orin tó ń bọ̀, mo ní kí n tètè sọ tèmi kí ọ̀rọ̀ náà tó wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Àtijọ́ wo? 1944 ni Fela Sowande, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ irú orin yìí, kọ African Suite. Kí ọdún náà tó dé rárá, Abíbù Olúwa ti ń kọ sákárà sínú àwo. Èwo ni àtijọ́ nínú méjèèjì? Akin Euba, tí òun náà kọ irú orin yìí, tí wọ́n bí l'Ékòó ní 1935, 2020 ló kú. Ṣé ẹni tó wà láyé pẹ̀lú wa nígbà tí Kòrónà dé lẹ fẹ́ máa pè ní ará àtijọ́? Ọjọ́ ló wà nínú “àtijọ́”, ẹ tú u wò, ọjọ́ kọ́ ló sì ya orin yìí sọ́tọ̀. Etí Yorùbá tún nìyí: bí mo bá ní ọkọ̀ àtijọ́, aṣọ àtijọ́, ẹ ti mọ̀ pé n kò ní lò ó lọ sóde mọ́. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà rò pé òun ń yin orin yìí ni. Ó ti bù ú kù.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ẹnìkan jókòó, ó kọ ohun tí olúkúlùkù yóò ṣe sórí ìwé: ti onífèrè, ti onígòjé òyìnbó, ti onílù, kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu. Nínú jùjú, ọ̀gá á ṣẹ́jú sí onígángan, orin á yà síbi tí òde bá yà sí, orúkọ ẹni tó ń náwó á sì wọ inú rẹ̀ lọ́gán. Ní Oníkan, ẹ lọ lẹ náírà mọ́ iwájú onígòjé kí ẹ wò ó bóyá orúkọ bàbá yín yóò jáde. Kò sí i nínú ìwé tó wà níwájú rẹ̀.

Nítorí náà, “orin àkọsílẹ̀” ni mo fara mọ́. Èmi kọ́ ni mo dá a, ọ̀kan nínú yín ti sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní àkọsílẹ̀ ti di ti ìpàdé, ti akọ̀wé ẹgbẹ́ àti ti akápò. Ó di tiwọn lóòótọ́, ṣé wọ́n rà á ni? Ẹlòmíràn ní “kọ” orin àti “kọ” ìwé, ohùn kan náà ni, a kò ní mọ èyí tó wà níbẹ̀. Kò kà á dé “sílẹ̀” ni. Ta ló ń kọrin sílẹ̀? Ohun tí a bá tọ́jú sílẹ̀, tí a dá sílẹ̀, tí a fi sílẹ̀, ọ̀la ló ń dúró dè. Bí méjèèjì bá tilẹ̀ wà nínú rẹ̀, a tún jèrè ni.

Ẹni tó wá gbe orúkọ yìí lẹ́yìn lánàá ló fẹ́ pa mí. Ó kọ ọ́ ní “orin ìkọ̀sílẹ̀”. Ọ̀gá mi, ẹ fi ohùn kà á: àkọsílẹ̀, dò-re-mí-dò. Ìkọ̀sílẹ̀, dò-dò-mí-dò. Re kan ṣoṣo lẹ sọ nù, ẹ sì ti kó tọkọtaya dé kóòtù. Ẹ fi sórí pátákó kí ẹ wo irú èèyàn tí yóò wá ra tíkẹ́ẹ̀tì.

“Orin àgbọ́jókòó” ńkọ́, tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa fi tọrẹ? Mo mọ ohun tó ń lé: èrò kì í jó níbẹ̀, wọn kì í sì í pàtẹ́wọ́ bí ìpín kan bá parí tí òmíràn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ètò ọ̀rọ̀-ìṣe. Àjẹyó la ń sọ, a kì í sọ pé àyójẹ. Èyí tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ló ń ṣíwájú. Ṣé a máa ń gbọ́ ọ tán kí a tó jókòó ni? “Àjókòógbọ́” ni ì bá jẹ́, tí a bá sì gbà á, sákárà yóò béèrè ìpín tirẹ̀, nítorí àwọn bàbá wa kì í dìde fún un kíákíá.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé “orin òyìnbó” ti tó. Sowande kọ Oyigiyigi fún dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì, orin Yorùbá ló sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. T. K. Ekundayo Phillips, tó wà nídìí dùùrù Kàtídírà ní Màrínà láti 1914 di 1962, tẹ ìwé jáde ní 1953 lórí orin Yorùbá, ó sì fi yé wa pé ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Ọ̀gá akọrin tó tọ́ èmi dàgbà kò fi èyí ṣeré. Bí a bá fi ohùn òyìnbó sọ ọkọ di ọkọ́, á fi ọ̀pá kan tábìlì, á ní, “Ta ló fẹ́ ko ebè níbí?” Gbogbo àwa tó ń kọ ohùn bàsì ló na rí. Àwọn tó ń bá wa jiyàn àmì ohùn lónìí kò rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan béèrè nípa àwọn ará Íńdíà, tí orin ńlá tiwọn ń ti ẹnu olùkọ́ bọ́ sétí ọmọ, tí púpọ̀ rẹ̀ kì í sí nínú ìwé. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n Oníkan la wà, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Oníkan ná.

Ó ku ọ̀rọ̀ orúkọ dùùrù, tí a tún ń jiyàn lé lórí. Dáfídì ta dùùrù nínú Bíbélì, Phillips tẹ dùùrù ní Màrínà, èyí tó wà ní pálọ̀ olówó náà, dùùrù. Ohun mẹ́ta, orúkọ kan. Ẹ ṣí ìdérí èyí tí ó wà ní pálọ̀ kí ẹ tẹ ọ̀kan nínú eyín rẹ̀ méjìdínláàádọ́rùn-ún: òòlù kékeré tí wọ́n fi irun àgùntàn wé á fò sókè, á gbá okùn irin, á padà. Ti Màrínà, atẹ́gùn ló ń gba inú fèrè ńláńlá lọ. Dùùrù olóòlù àti dùùrù onífèrè, kí ló ṣòro níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ wa tó ní Yorùbá kò nílò rẹ̀, pé “piano” ti tó, kó kọ́kọ́ sọ fún wa, pìánò ni àbí píánò? Mo rí méjèèjì nínú lẹ́tà rẹ̀ kan náà.