Òǹkà mi kì í bá ti pátákó Oval mu: ibo ni mo ti ń ṣì í kọ?

Ọmọ Camberwell

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì (cricket) ọlọ́jọ́ mẹ́rin ti Surrey, ẹgbẹ́ tó ń gbá ní pápá Oval ní London, nínú County Championship (ìdíje àwọn ẹgbẹ́ county ní England àti Wales) ni mo ń kọ sínú ìwé scorebook, ìyẹn ìwé òǹkà eré. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé bí innings (ìgbà tí ẹgbẹ́ kan fi ń gbá bọ́ọ̀lù) bá parí, àpapọ̀ run (àmì ayò) tèmi máa ń dín sí ti pátákó òǹkà. Nígbà míì ó máa fi 3 dín, nígbà míì 5. Bí mo bá tún ro gbèsè àwọn ajubọ́ọ̀lù (run tí a kọ sí wọn lọ́rùn) pọ̀, iye mìíràn ló máa jáde. Bẹ́ẹ̀ tó bá jẹ́ eré Test (ti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè) ti England ni mo kọ látinú tẹlifíṣọ̀n, àpapọ̀ máa ń pé. Kí ló ń fà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ohun tí ẹni tó bá pẹ́ dé lè ṣe.

Bàbá Kennington

Àbúrò, ọ̀rọ̀ Test tí o sọ yẹn ló tú àṣírí. Nínú Test, run kan ni ìjìyà no-ball (bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù lòdì sófin). Nínú Championship, méjì ni. Ka no-ball inú innings tó dín yẹn, iye tó fi dín gan-an lo máa bá.

Bí o ṣe máa kọ ọ́ rèé. Ya òbìrìkìtì sínú àpótí over náà (over ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà tí ajubọ́ọ̀lù kan jù tẹ̀ léra). Bí oníbáàtì kò bá rí nǹkan kan gbá, fi òbìrìkìtì sílẹ̀ lófìfo: 2 wọ ìlà no-ball, 2 sì wọ gbèsè ajubọ́ọ̀lù. Bí ó bá gbá a kọjá ààlà, kọ 4 sínú òbìrìkìtì: 4 jẹ́ ti oníbáàtì, 2 jẹ́ ti no-ball, 6 ni gbèsè ajubọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, 4 nìkan ni wọ́n máa ń kọ sí ajubọ́ọ̀lù lọ́rùn. No-ball kò sí lára bọ́ọ̀lù mẹ́fà inú over, àmọ́ ó wà lára bọ́ọ̀lù tí oníbáàtì kojú. Ti wide (bọ́ọ̀lù tó jìnnà jù sí oníbáàtì) kò sí nínú èyíkéyìí. Wide tó bá sá lọ dé ààlà, 5 ni, wide sì ni gbogbo rẹ̀, ajubọ́ọ̀lù ló jẹ ẹ́.

Bye (run tí wọ́n sá nígbà tí bọ́ọ̀lù kò kan báàtì tàbí ara) àti leg bye (èyí tó kan ara, tí kò kan báàtì) kì í ṣe gbèsè ajubọ́ọ̀lù rárá. Ya onígun mẹ́ta fún wọn: ti bye kọjú sókè, ti leg bye kọjú sílẹ̀. Láti ìgbà tí òfin ti yí padà ní 2017, bye tí wọ́n bá sá lórí no-ball, ìlà bye ló ń lọ. Ìjìyà no-ball nìkan ló kù fún ajubọ́ọ̀lù.

Ọ̀nà méjì ni kí o máa gbà yẹ̀ ẹ́ wò. Ká ní innings parí sí 287. Àwọn oníbáàtì kó 262 jọ, bye 6, leg bye 9, no-ball 8 (ìyẹn no-ball mẹ́rin), wide 2. 262 àti 25 jẹ́ 287, ó pé. Ìkejì: yọ bye àti leg bye kúrò nínú 287, ó ku 272. Gbèsè gbogbo ajubọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ 272 géérégé. Bí ti àkọ́kọ́ bá pé tí èkejì kò pé, inú àpótí over ni àṣìṣe wà, má wulẹ̀ fọwọ́ kan ìlà àwọn oníbáàtì.

Má dúró de ìparí innings o. Ṣe é nígbà oúnjẹ ọ̀sán, tún un ṣe nígbà tíì. Àárọ̀ kan kò ju nǹkan bí over 32 lọ. Àṣìṣe inú over 32, ìṣẹ́jú márùn-ún lo máa fi rí i. Tó bá di over 110, o ò ní mọ ibi tí o ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Ìbejì SE15

Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojú kún un. Àbúrò, tí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n sì sáré, ọ́ńpáyà (adájọ́ eré) ni kí o wò, má tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Bí ó bá gbé ọwọ́ kan sókè tó la àtẹ́lẹwọ́, bye ni. Bí ó bá gbé orúnkún tó fọwọ́ kàn án, leg bye ni. Bí ó bá na apá kan gbọọrọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, no-ball. Apá méjèèjì, wide. Tí o bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, o ò lè mọ̀ bóyá báàtì ló kan bọ́ọ̀lù tàbí ẹsẹ̀. Jókòó sẹ́yìn ajubọ́ọ̀lù, níhà Pavilion tàbí níhà Vauxhall, ìhà méjì tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù.

Àṣìṣe kan wà tí àyẹ̀wò méjèèjì Bàbá kò lè tú fó: kíkọ run sórí oníbáàtì tí kò ni ín. Ìgbà tí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù tí ẹnìkan gbá kó tó kanlẹ̀, tí ẹni náà sì jáde, ló pọ̀ jù. Òfin tó wọlé ní October 2022 ni pé ẹni tuntun ló máa kojú bọ́ọ̀lù tó tẹ̀ lé e, kódà bí àwọn méjèèjì ti sáré kọjá ara wọn, àfi tí over bá parí. Ẹni tó ń fi òfin àtijọ́ kọ ọ́ á dà wọ́n rú.

Pẹ́ńsù HB ni kí o mú, má mú bírò. Òjò kan ṣoṣo tó bá kán sórí íńkì, ojú ewé ti bàjẹ́. Mú klíìpù ńlá méjì dání nítorí atẹ́gùn.

Ní ti pípẹ́, agogo 11 àárọ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, àfi ní September tó jẹ́ 10:30. Bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham gba Camberwell já sí Oval, dé kó tó ku ogún ìṣẹ́jú, kí o ráyè kọ orúkọ sílẹ̀. Tí o bá pẹ́, má méfò. Ṣí òǹkà orí fóònù nígbà tí over bá parí, kọ àpapọ̀ oníbáàtì kọ̀ọ̀kan, ti ajubọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan àti àfikún (bye, leg bye, no-ball, wide), fa ìlà sí abẹ́ wọn, kí o sì bẹ̀rẹ̀ látorí over tó kàn.

Àkànní Vauxhall End

Ẹ má gbàgbé pọ́ìǹtì tí ẹgbẹ́ ń kó jọ nínú ìdíje o! Fi ìlà pupa sí over 110 innings àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ibẹ̀ ni pọ́ìǹtì àfikún parí sí. Bó ṣe rí ní 2025: 250 run jẹ́ pọ́ìǹtì kan, 300 jẹ́ méjì, 350, 400, títí dé 450 tó jẹ́ márùn-ún. Àwọn tó ń ju bọ́ọ̀lù ń gba ọ̀kan ọ̀kan ní wicket (oníbáàtì tí wọ́n lé jáde) kẹta, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án. Ẹni tó bá borí gba 16, ọ̀mì jẹ́ 8.

Ká ní Surrey wà ní 338 nígbà tí over 107 parí. Run 12 ló kù kó pé 350, over mẹ́ta ló sì kù. Ẹni tó ń fara balẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ á kàn déédéé máa nà án sókè, ẹni tí kò kọ òǹkà á ní orí rẹ̀ ti dàrú. Èmi ò mọ ohun tó dùn tó àkókò yẹn nínú eré yìí. Surrey gba ife ní 2022, 2023 àti 2024, Nottinghamshire sì gbà á ní 2025 tí àwa ṣe ipò kejì, nítorí náà pọ́ìǹtì kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Sàmì sí over 80 náà, ìgbà yẹn ni wọ́n lè béèrè bọ́ọ̀lù tuntun.

Ọmọ Camberwell

Ẹ ṣé gan-an ni. No-ball náà ni lóòótọ́: innings tó fi 5 dín, márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ó ku ẹyọ kan. Bí bọ́ọ̀lù bá lọ kan àṣíborí (helmet) tí wọ́n gbé sílẹ̀ lẹ́yìn wicketkeeper (ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn oníbáàtì), ta ló ni run márùn-ún yẹn?

Bàbá Kennington

Kò sí oníbáàtì tó ni ín, kì í sì í ṣe gbèsè ajubọ́ọ̀lù. Ìlà penalty nínú àfikún ló ń lọ, nítorí náà yọ ọ́ pọ̀ mọ́ bye àti leg bye nígbà àyẹ̀wò kejì. Ṣọ́ra fún ọwọ́ ọ́ńpáyà níbẹ̀. Bí ó bá ń fi ọwọ́ kan gbá èjìká òdìkejì léraléra, 5 fún ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ni. Bí ó bá gbé ọwọ́ náà lé èjìká òdìkejì tí kò gbé e kúrò, ẹgbẹ́ tó wà ní pápá ló ni ín. Bí ó bá ká apá kan tó sì fi orí ìka kan èjìká ẹ̀gbẹ́ kan náà, short run ni, oníbáàtì kò fi báàtì kan ìlà kó tó padà: yọ run kan kúrò nínú èyí tí wọ́n sá.